Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kọ́ọ̀sì àṣàyàn wo ni kí n mú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ òfin, mo fẹ́ wọ ọdún kẹrin. Àwọn kọ́ọ̀sì tó pọn dandan ò níṣòro, a ó ṣe wọ́n náà ni. Àwọn àṣàyàn ló ń dà mí láàmú.

Òfin owó orí wù mí, pàápàá bí òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026. Ṣùgbọ́n ṣé ìṣirò pọ̀ níbẹ̀? Ìṣirò ni mo sá fún tí mo fi wá sídìí òfin o! Bàbá mi ní kí n mú òfin Ṣàríà, pé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà kúkú wà ní Ìlọrin níbí. Òótọ́ ni, àmọ́ Lárúbáwá tèmi ò kọjá Fátíà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní tèwo? Ẹni tó ń fún èèyàn ní A ni kí n tọ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé kò sí àṣàyàn ní Law School tí a máa lọ lẹ́yìn yunifásítì, kọ́ọ̀sì márùn-ún kan náà ni gbogbo wa máa ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyí tí n ò fi fẹ́ fi èyí ṣòfò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì lọ́yà, l'Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, yàtọ̀ sí ẹjọ́ ilẹ̀, irú iṣẹ́ wo ló ń wọlé? Ṣé òfin òṣìṣẹ́ ń mówó wá lọ́dọ̀ wa, àbí Èkó àti Àbújá nìkan ló wà fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀.