Ẹja tó ń gé ìrù guppy jẹ: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Èmi ni mo béèrè ohun tí mo lè ṣe nípa táǹkì ẹja lítà 60 tó wà ní pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, níbi tí tiger barb (ẹja abilà) ti ń gé ìrù àwọn guppy (ẹja kékeré onírù fífẹ̀) jẹ. Ẹ ṣeun gan-an.

Ẹni tó ní kí n kó tiger barb kúrò pátápátá ló jàre. Àwọn kan ní kí n fi kún wọn kí wọ́n lè máa lé ara wọn kiri. Mo kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, ìjà náà sì rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù guppy tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n rójú. Mo dá àwọn tiger barb padà fún ẹni tó tà wọ́n fún mi. Ìrù àwọn guppy ti ń hù padà báyìí.

Ẹja platy àti ẹja corydoras mẹ́fà ni mo fi rọ́pò wọn. Corydoras kì í fẹ́ dá gbé, ìsàlẹ̀ ló ti ń jẹ, kì í sì í wá ìjà ẹnikẹ́ni. Iyanrìn kíkúnná ni kí ẹ tẹ́ fún un o; òkúta ṣóńṣó máa ń ba irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ tó fi ń wá oúnjẹ jẹ́. Angelfish tí ẹnì kan dárúkọ, mi ò rà á: tó bá dàgbà, á máa gbé ẹja kéékèèké mì, táǹkì mi ò sì ga tó fún un.

Ti iná ló kù. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ń gbìyànjú, àmọ́ asẹ́ omi máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti mú iná. Mo máa ń dín oúnjẹ wọn kù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kí omi má bàa dọ̀tí.

Àwọn guppy náà ti ń bímọ ní àbíyè jù. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ guppy ní Mainland, kó gbé ike wá.