Ògiri flat Festac tó ń fa omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Flat oníyàrá méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Festac, àwọn ilé ìgbà FESTAC 1977 yẹn, la fẹ́ tún ṣe ká fi gba rẹ́ǹtì, àbúrò mi ní ká kúkú tà á. Ògiri ìsàlẹ̀ ló ń dà wá láàmú, omi ń fà gòkè láti ilẹ̀, ọ̀dà á lé ròrò, tóo bá fọwọ́ kàn án á máa já bọ́ tòun ti nǹkan funfun bí iyọ̀. A ti ha á lẹ́ẹ̀mejì, a screed ẹ̀ kó lè tẹ́jú, a kun ọ̀dà satin lé e (owó ńlá o!), òjò kan péré ló tún padà. Pẹ́ńtà ní ká lẹ táìlì dé ìdajì ògiri, lójú tèmi ìyẹn kàn ń bo egbò ni. Ṣé kí n gbẹ́ símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò pátápátá kí n tún un rẹ́ kí n tó kùn ún, àbí kí n gbà fún pẹ́ńtà? Ẹ má bínú pó gùn, ẹ ṣé gan-an ni.