Ìrìn ojú irin láti Abẹ́òkúta: ibo ni ká yà sí, ta ló sì ń ta rélùwéè ìṣeré gidi?

Rìwáyà Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ni mo gbé wá.

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi fi ṣe fáyámánì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń jẹ èédú. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, Láfẹ́nwá ni wọ́n ń gbé, wọn ò sì tíì wọ ọkọ̀ tuntun tó ń gba Laderin kọjá yìí rí. Tí mo bá ní ká jọ lọ, wọ́n á ní, "Ẹ́ńjìnnì tí kò níná nínú, kí ni mo fẹ́ wò lára ẹ̀?" Ti ọmọ mi tún yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, fídíò rélùwéè ló fi ń jẹ dátà mi tán. Ó mọ ti Japan, ó mọ ti Jámánì. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé bàbá àgbà òun ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, ó ní irọ́ ni.

Mo fẹ́ kó àwọn méjèèjì jáde fún ọjọ́ méjì nígbà ìsinmi iléèwé. Èkó àti Ìbàdàn ni mo ní lọ́kàn. Ẹsẹ̀ bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ o, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀.

Èkejì ni ti rélùwéè ìṣeré. Kì í ṣe oníke tó ń kọrin tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Èyí táwọn àgbà òyìnbó máa ń tò sórí tábìlì ni mò ń wí, tó ní ojú irin tirẹ̀, tó jọ gidi dé orí nọ́ńbà ara rẹ̀. Mo ti wá a dé Kútọ̀, mo ti wá a dé Balógun l'Ékòó, oníke náà ni wọ́n ń kó jáde fún mi.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ọ̀kan tó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ rí. Àbúrò mi kan gbé e wá láti Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ iná jẹun, èmi gan-an ni mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìwo ẹ̀yìn tírànsífọ́mà. 120 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 240 ni mo fún un. Ó kùn bí oyin díẹ̀, òórùn wáyà jíjó gba yàrá, ó parí. A ò tiẹ̀ tíì gbé ọkọ̀ náà lé irin. Ọmọ yẹn ò sunkún. Ó kàn wò mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀nà, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Kọ́ḿpáùnì

Rìwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rẹ́rìn-ín ná, ẹ foríjì mí.

Inú kọ́ḿpáùnì rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, torí náà ẹ jẹ́ n mú ti Èkó. Ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ ní Laderin, níbi tí wọ́n fi orúkọ Ṣóyínká sọ. Ẹ má ṣe sọ̀ ní Agége báwọn èrò bá ń sọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ dé ìparí, ìyẹn ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágọ̀mejì. Àkókò ọkọ̀ máa ń yí padà, ẹ wò ó lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sùn lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ẹ lọ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, orúkọ òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní rélùwéè ni wọ́n fi ń pè é. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy ló tún un ṣe, wọ́n sì kó fọ́tò àtijọ́ sínú rẹ̀. Kì í ṣe ibi téèyàn kàn ń já wọ̀, ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Àmọ́ tó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, n ò ní sáré kúrò nínú kọ́ḿpáùnì yẹn. Màá wá àga fún wọn sábẹ́ igi, màá ra ẹ̀pà àti omi tútù, màá sì dákẹ́. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Lókò, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, nígbà kan ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ óò rí i.

Lọ́sàn-án, ẹ wọ mọ́tò lọ sí ibùdó National Theatre, kẹ́ ẹ bá Blue Line dé Marina. Iná mànàmáná ló ń lò, kì í jẹ dísù. September 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Orí ọ̀sà ló ń gbà wọ Marina, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ o, káàdì Cowry ni. Ibùdó rẹ̀ ga, kẹ́ ẹ tètè béèrè ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè nítorí bàbá.

Ìbàdàn? Mọ́níyà ni ọkọ̀ tuntun ń já èrò sí, ó sì jìnnà sí Dùgbẹ̀ tí sítéṣọ̀n àtijọ́ wà. Ẹsẹ̀ bàbá ò ní gbà á.

Tíṣà Ìbarà

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Gbogbo wa ti kó Èkó lé orí. Abẹ́òkúta ńkọ́?

Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé àwọn ará China ló kọ́kọ́ mú rélùwéè dé ìlú yìí. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà láti Èkó, ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ dé, 1901 ló tó wọ Ìbàdàn. Nígbà náà, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn, ìjọba yẹn ò sì dópin títí di 1914. Ọkọ̀ òyìnbó ń gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá ni. Nígbà tí Ogun Àdùbí dé ní 1918, tí owó orí ti sú àwọn èèyàn, ojú irin wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, wọ́n hú u. Ẹ bi bàbá yín bóyá àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wọn sọ ọ́ rí.

Nítorí náà, ọjọ́ kejì yín, ilé ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Ẹ lọ sí sítéṣọ̀n àtijọ́ ní Láfẹ́nwá. Ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí irin níbẹ̀, ẹ ṣọ́ ọmọ. Ẹ gbé téèpù ìwọnlẹ̀ dání kí ọmọ wọn àyè tó wà láàárín irin méjèèjì fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ni, 1,067 mílímítà. Ti Laderin jẹ́ 1,435. (Ẹ má ṣe sọ̀ sójú irin ti Laderin lọ wọ̀n ọ́n o! Ẹ gba èyí tí mo sọ gbọ́.) Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n á mọ ìdí tí ọkọ̀ tibí ò fi lè rìn lórí ti ọ̀hún.

Bí ẹsẹ̀ bàbá bá gbé e, Ifọ̀ náà dára láti yà sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìláròó àti Ìdógò.

Ará Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdánù tírànsífọ́mà. Iṣẹ́ tó wù mí láti ìgbà tí mo ti dé ibí nìyí, ó ti sú ìyàwó mi.

Ẹ má tíì ju ọkọ̀ ọmọ nù. Tí wọ́n bá kọ HO, ìyẹn orúkọ ìwọ̀n rélùwéè ìṣeré kan, sára páálí rẹ̀, 12V DC ló sábà máa ń lò, tírànsífọ́mà nìkan ló kú. Inú irin méjèèjì ni iná ń gbà: ọ̀kan pọ́sítíìfù, ọ̀kan nẹ́gẹ́tíìfù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbé e wọ mọ́tò inú rẹ̀. Pọ́sítíìfù sí irin ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ á lọ síwájú. Ẹ yí i padà, á lọ sẹ́yìn. Bátìrì ọ̀kadà tó láti fi dán an wò, àmọ́ ẹ fi gílóòbù ẹ̀yìn mọ́tò sáàárín wáyà kan, kó lè jẹ́ pé tí irin méjèèjì bá kanra, gílóòbù ni yóò tàn, kì í ṣe wáyà ni yóò jó. Ẹ̀yin lẹ nìṣẹ́, mi ò kọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n bá yín ra tòkunbọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Iná wa àti tiyín bára mu, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta kan náà ni. Èyí tó wọ́pọ̀ níbí ni OO, ìyẹn ni pé wọ́n pín ọkọ̀ gidi sọ́nà 76, ojú irin rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 16.5. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wọ̀ pọ̀, n ò tíì rí ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà nínú páálí rí. Àwọn ará New Zealand ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ojú irin tiwọn náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 bíi ti Láfẹ́nwá. Wọ́n á ra ojú irin OO yìí kan náà, wọ́n á wá kọ́ ọkọ̀ sórí rẹ̀ ní ìdá kan nínú 64. Ẹ pín 1,067 sọ́nà 64 kẹ́ ẹ wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìyẹn ni pé irin àti mọ́tò lẹ máa rà. Ara ọkọ̀, ẹ ní láti wá ẹni tó máa kọ́ ọ.

Ìyá Onírú Láfẹ́nwá

Ẹ̀ ń wá rélùwéè lọ ìlú òyìnbó. Onípáànù tó ń ṣe àdògán àti àrọ lẹ́yìn ọjà wa ńbí, ó ń ṣe mọ́tò fáwọn ọmọdé pẹ̀lú agolo mílíìkì. Ẹ gbé fọ́tò lọ bá a.

Rìwáyà Pánṣẹ́kẹ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti lọ, a ti bọ̀.

Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo yá ti ọ̀kadà aládùúgbò mi, mo fi gílóòbù sáàárín, mo fi wáyà méjì kan irin. Ẹ́ńjìnnì fò sẹ́yìn, ó já bọ́ lórí tábìlì. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ ti fi wáyà kọ́ra." Òótọ́ ni. A yí i, ó lọ síwájú. A ti di ọ̀rẹ́ padà.

Ọjọ́ tí a lọ Èkó, bàbá ò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Papalanto. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé bí ẹni ń wo ibà lórí ọmọ. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Kò sí ojúùpàdé." Mo ní kí nìyẹn. Wọ́n ní ojú irin tiwọn, ibi tí irin kan ti pàdé òmíràn, àlàfo díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń bọ́ sí àlàfo yẹn ló ń dún fàkàfìkì, fàkàfìkì. Pé eléyìí, wọ́n ti jó irin pọ̀ di ọ̀kan. Ọmọ ló wá ń bi wọ́n léèrè láti ibẹ̀ dé Alágọ̀mejì. N ò rí àyè fi ẹnu sí i.

Ọmọ Kọ́ḿpáùnì, ẹ̀pà yẹn ṣiṣẹ́. A ò tíì jókòó tó ogún ìṣẹ́jú tí bàbá kan tó ti ṣe gáàdì rí fi yà. Wọn ò mọra tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ kíákíá ni wọ́n ti ń jiyàn lórí òkè tó ń jẹ èédú jù láàárín Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Ó lé ní wákàtí méjì. Nígbà tí a fi wọ Jaekel House, bàbá dúró níwájú fọ́tò kan, wọ́n ní àwọn mọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ayọ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. A ò ráyè Blue Line mọ́, ọmọ ṣì ń bínú sí mi lórí ìyẹn.

Ní Láfẹ́nwá, ọmọ gbé téèpù lé irin, ó ka nọ́ńbà tó ju ti Tíṣà lọ dáadáa. Ó ti ń yọ̀ pé Tíṣà ṣì í. Bàbá fi ọ̀pá wọn tọ́ka: "Kì í ṣe láti ìta, inú sí inú ni. Inú ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dì mú." Ó tún un wọ̀n, ó bá a.

Mo gbé fọ́tò lọ bá onípáànù lóòótọ́. Ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ó fi agolo mílíìkì ṣe ikùn ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdérí kóòkì ṣe ẹsẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, èéfín tiẹ̀ níbi tó ti ń jáde. Mo gbé e lọ fún bàbá lálẹ́ àná, mo rò pé wọ́n á súre fún mi. Wọ́n yí i dojú dé, wọ́n fi ìka tọ́ ètè àwọn ìdérí kóòkì náà, wọ́n ní, "Ìta ló kọ ètè ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí. Kò ní rin ìṣísẹ̀ méjì tí yóò fi já bọ́."

Wọ́n ní kí n dá a padà fún un lọ́jọ́ Ajé, àti pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn mi.