Iṣẹ́ aláwọ̀ ewé àbí iṣẹ́ agbatàyíkárò?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjíròrò o.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ti béèrè ohun tí a ó máa pe green jobs, ìyẹn iṣẹ́ tó ń ṣe àyíká lóore, nínú ìwé tí wọ́n ń kọ lórí ọrọ̀ ajé àgbègbè ni mo ti ń ka èsì yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí: "iṣẹ́ aláwọ̀ ewé" tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá, "iṣẹ́ àyíká", àti ti àbúrò wa tó ní ká kúkú máa pè é ní "grín-jọ́ọ̀bù", kí olúkúlùkù lọ sinmi. Tàbúrò yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò o. Ta ni yóò ní ká má pe bọ́ọ̀sì ní bọ́ọ̀sì? Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ṣeé nawọ́ sí. Èrò ni èyí, ẹni tí kò bá sì mọ èrò náà tẹ́lẹ̀, "grín-jọ́ọ̀bù" ò ní là á yé e.

Aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́ bá wí gan-an. Ọ̀rọ̀ òṣèlú wà lára ohun tó sọ àwọ̀ yẹn di àmì àyíká lẹ́nu àwọn olóyìnbó. Ẹ rántí ẹgbẹ́ Die Grünen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1980, tó fi àwọ̀ náà sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbàdo tó bá ṣe dáadáa lóko, a ní ó dúdú. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, a ní ó tútù. Aṣọ àti ọ̀dà là ń fi aláwọ̀ ewé júwe. Ẹ wá sọ fún mi pé ẹni tó ń yọ́ irin àlòkù nínú iná kí wọ́n lè tún un lò ń ṣe iṣẹ́ aláwọ̀ ewé. Kí ló kan ewé níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé tó bá yá, á mọ́ wa lára. Ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dúró sínú ìwé. Wọ́n máa fi ka ènìyàn. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, BLS, gbìyànjú láti ka irú iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà wò ó. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ohun tó ń jáde níbẹ̀ ń ṣe àyíká lóore: ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná, ẹni tó ń wa ọkọ̀ èrò, ẹni tó ń kó pàǹtírí lọ fún àtúnlò. Èkejì ni iṣẹ́ ẹni tó ń mú kí ibi iṣẹ́ tirẹ̀ dín èéfín tàbí omi ẹlẹ́gbin kù, ohun yòówù kí wọ́n máa ṣe níbẹ̀, ì báà ṣe sìmẹ́ǹtì. Ní ti àkọ́kọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 iṣẹ́ ni wọ́n kà fún ọdún 2011, ìyẹn 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iṣẹ́ tó wà nílùú.

Ní 2012, àwọn aṣòfin pè wọ́n wá wí tẹnu wọn. Darrell Issa tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ bèèrè bóyá ẹni tó ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì sólà wà nínú àwọn tí wọ́n ń kà, ó sì bèèrè awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà wá di yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n gé owó ìjọba kù ní 2013, ìkànìyàn yẹn wà lára ohun tí wọ́n pa tì.

Èmi ò rí ohun ẹ̀rín nínú kíka awakọ̀. Bọ́ọ̀sì kan tó kún dáadáa ti kó ọ̀pọ̀ mọ́tò kúrò lójú títì. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà ló dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀: àwọ̀ ewé ti wọ àwọn ènìyàn lórí, wọ́n ń retí igi àti òdòdó, bọ́ọ̀sì ni wọ́n wá rí. Ẹ jẹ́ ká kọ ìbéèrè yẹn sórí fọ́ọ̀mù ní Yorùbá: "Ṣé iṣẹ́ aláwọ̀ ewé ni ẹ ń ṣe?" Awakọ̀ á ní rárá. Ẹni tó ń dí àlàfo ara fèrèsé kí iná tí wọ́n ń jó nínú ilé lè dín kù á ní rárá. Ẹni tó ń ta òdòdó á ní bẹ́ẹ̀ ni, tayọ̀tayọ̀. Irọ́ ti wọnú ìṣirò àgbègbè yẹn kí wọ́n tó kó fọ́ọ̀mù jọ.

"Iṣẹ́ àyíká" sàn díẹ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ní òun rí iṣẹ́ àyíká, mo lè rò pé ẹ̀bá ilé rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Bí mo bá sì ka ìtumọ̀ kejì sí i, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ wolé-wolé.

Ohun tí mo mú wá rèé. Gbogbo wa la mọ ìgbatẹnirò, a sì ń pe ẹni tó ní in ní agbatẹnirò. Ẹ jẹ́ ká fi àyíká sípò ẹni: iṣẹ́ tó bá ń gba ti àyíká rò, iṣẹ́ agbatàyíkárò ni. Ẹni tó ń ṣe é, òṣìṣẹ́ agbatàyíkárò. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà ò sọ ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún ń mú jáde, ìwà tí iṣẹ́ náà ń hù ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tó fi gba ọ̀nà méjèèjì tí mo kà sókè: ẹni tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì sólà wà níbẹ̀, ẹni tó ń dín èéfín kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì náà wà níbẹ̀.

Ẹnì kan lè ní àyíká kì í ṣe ènìyàn, báwo la ṣe fẹ́ gba tirẹ̀ rò? Ṣebí àwa náà là ń ní ilẹ̀ ṣá, là ń ní kí ilẹ̀ sinmi. Ohun tó lè ṣá, tó sì ní láti sinmi, ṣeé gba tirẹ̀ rò. Ní ti pé ọ̀rọ̀ náà gùn, kò gùn ju asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán lọ. (Mo mọ̀ pé rédíò ló borí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ má tì mí lójú.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wú mi lórí jù ni pé ó yanjú ohun kan tí ìkankan nínú àbá wa ò tíì fọwọ́ kàn. Ní 2013, ní Geneva, àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, kó jọ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èyí tó fẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìtọ́jú àyíká. Green jobs kéré sí i: kìkì àwọn tó tún bójú mu fún òṣìṣẹ́ nínú wọn ni, níbi tí owó iṣẹ́ ti tó, tí ewu ò pọ̀, tí wọ́n sì lè fẹnu sọ tinú wọn. Ẹ wo ẹni tó ń ṣa ike àti agolo lórí ààtàn láìsí ìbọ̀wọ́, tí àfọ́kù ìgò àti abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́. Kò sí àní-àní pé àyíká ń jàǹfààní iṣẹ́ rẹ̀. Òun ńkọ́? "Aláwọ̀ ewé" ò ní èsì. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé iṣẹ́ náà gba tàyíká rò, kò gba tòṣìṣẹ́ rò, ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá á sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó fẹ̀ ni iṣẹ́ agbatàyíkárò. Èyí tí ILO ń pè ní green jobs gan-an ni iṣẹ́ agbatàyíkárò tó tún jẹ́ agbatẹnirò.

Ẹ̀gbọ́n á nílò méjèèjì nínú ìwé wọn, torí àgbègbè tí iṣẹ́ àtijọ́ ń kú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń le. Ní Bottrop, ní àgbègbè Ruhr ní Jámánì, Prosper-Haniel tó jẹ́ ibi ìwakùsà èédú líle tó gbẹ̀yìn lórílẹ̀-èdè náà ti ilẹ̀kùn ní December 2018. Ní 2020, wọ́n ṣòfin pé títí di 2038, iná èédú gbọ́dọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ya owó tó lè tó bílíọ̀nù 40 yúrò sọ́tọ̀ fún àwọn àgbègbè bíi Lausitz tí èédú ń bọ́. Iṣẹ́ mìíràn tó ń rọ́pò rẹ̀ sì lẹ́tàn. Ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí máa ń gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e nàró. Tó bá ti dúró tán, ìwọ̀nba ènìyàn ní ń tọ́jú rẹ̀. Àgbègbè tó bá ka òṣìṣẹ́ lọ́dún tí wọ́n ń gbé e ró á rò pé òun ti là. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tún yàtọ̀ síbi tí wọ́n ti ń lò ó: nínú mílíọ̀nù 16.2 iṣẹ́ tí IRENA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí iná tí kì í tán, kà fún 2023 nídìí iná oòrùn, ti afẹ́fẹ́ àti irú wọn kárí ayé, Ṣáínà nìkan ní mílíọ̀nù 7.4.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìfáàrà Àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́, ti 2015, nípa pé kí ìyípadà má fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹnì kan níbí pè ní "ìyípadà òdodo", ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ìyípadà agbatẹnirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n kà á sí ìyípadà òdòdó.

Ó ku ìbéèrè tí àbúrò wa bi wá lánàá: kí ni ká pe ilé iṣẹ́ tó kun ọkọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tó lẹ àwòrán igi mọ́ ọn, tó sì ń da omi ẹlẹ́gbin sódò lóru? Agbatàyíkárò ojú ayé.