Bàbá tó gbà mí sílé ní Berlin kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé mi. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Mọ́kọ́lá (ẹni tó béèrè):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Oorun ò kun ojú mi mọ́ lóru.

Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo wá kàwé gboyè kejì ní Berlin. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni mo dé. Bàbá tó gbà mí sílé jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà pẹ̀lú màmá mi láti ìgbà tí wọ́n jọ ń gbé ní Mọ́kọ́lá. Dádì ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ra ẹ̀wù òtútù fún mi, wọ́n fún mi ní yàrá ọmọ wọn tó ti lọ kàwé ní ìlú mìíràn. Wọn ò gba sẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ mi. Ìyàwó wọn kì í jẹun tí mi ò bá tíì jẹun.

Ìwé kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jámánì mọ Anmeldung, pé kí èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé ilé báyìí ni òun ń gbé. Òfin ní kí n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo bá ti kó wọlé, wọn ò sì ní ṣe é fún mi láìsí ìwé tí ẹni tó fún mi nílé fọwọ́ sí. Mo bi Dádì, wọ́n ní, "A máa rí sí i." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá mo tún bi wọ́n. Ojú wọn yí padà, wọ́n ní ṣé ilé ò rọ̀ mí lọ́rùn ni. Látọjọ́ náà, mi ò lè la ẹnu mọ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí.

Láìforúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà owó orí mi ò lè dé, ilé oúnjẹ tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ sì ń dúró dè é. Báǹkì náà ń béèrè ìwé ọ̀hún kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì tí owó Sperrkonto mi, ìyẹn owó ìgbọ́bùkátà tí a tì pa fún akẹ́kọ̀ọ́, á máa wọ̀. €11,904 ni àwọn òbí mi tì pa síbẹ̀, €992 ló yẹ kó máa jáde lóṣooṣù, mi ò tíì rí ẹyọ kan gbà. Físà mi á parí ní ìparí oṣù Kejìlá.

Ọmọ Nàìjíríà kan ní kí n mú €350 wá, òun á fún mi ní àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ibẹ̀. Yàrá kan tún wà ní Spandau, àdúgbò kan ní Berlin níbí, €560 lóṣù, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ìdógò. Màmá mi sì ti ní tí mo bá fi kó jáde nílé Dádì, mo ti ba àárín òun àti ẹni tó ṣe òun lóore jẹ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Wedding:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò ní àríyànjiyàn kúrò nílẹ̀: má ra àdírẹ́sì. Má ṣe é rárá. Òfin ilẹ̀ yìí ka fífi ilé tí èèyàn ò gbé ṣe ìwé sí ẹ̀ṣẹ̀, owó ìtanràn ẹni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gòkè dé €50,000. Tí wọ́n bá mú ẹni náà, orúkọ tìrẹ ló wà lórí ìwé.

Ti ìtanràn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Lẹ́tà ni ìjọba ilẹ̀ yìí fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà owó orí, káàdì báǹkì, káàdì ìlera, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rí ọ nítorí ìwé ìgbélùú, inú àpótí lẹ́tà ni gbogbo wọn ń já sí. Ọmọ kan tí mo mọ̀ ra àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹni tó tà á fún un kó lọ, kò sọ fún un. Lẹ́tà ń lọ, ó ń padà. Èyí tó wà nínú àpò ìwé aláwọ̀ ìyeyè nìkan ni kò padà, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ irú rẹ̀ sínú àpótí ni wọ́n ti ń ka ọjọ́, ìwọ ì báà rí i, ìwọ ì báà má rí i. Ìgbà tó fi mọ̀, ọjọ́ ti kọjá. Mo bá a sunkún lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Leipzig:

Arábìnrin, kó ẹrù rẹ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á fọwọ́ sí bébà kan. Kò ná an ní nǹkan kan. Àwọn àgbà wa níbí fẹ́ràn kéèyàn máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Neukölln:

Ìwọ ọmọ Leipzig, rọra. Láti 1996 ni mo ti wà ní Berlin, mo sì ti wà níbi tí bàbá yìí wà báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi dé, oṣù méjì ni mo fi ń sọ fún un pé a máa rí sí i. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ayálégbé ni èmi náà. Ní ilẹ̀ yìí, àlejò lè sùn sílé rẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá ti di pé ó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Irú ọkọ, aya àti ọmọ ẹni ni kò nílò àṣẹ. Ọmọ ọ̀rẹ́ kò sí nínú rẹ̀, ọmọ ìjọ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹlòmíràn sílé láìgba àṣẹ, wọ́n lè torí ẹ̀ lé e jáde. Ẹ sì mọ bí ilé ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní Berlin lónìí. Ẹni tó ní ilé tó ti pẹ́, tí owó rẹ̀ ṣì mọ níwọ̀nba, ẹ̀rù ilé yẹn ń bà á ju ẹ̀rù àìsàn lọ.

Ohun kejì nìyí, mi ò tíì sọ ọ́ níta rí. Mo ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ilé lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Iye èèyàn tó wà nínú ilé ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Tí àbúrò ìyàwó mi bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ìṣirò á yí padà nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ tó ti Ìlọrin wá, tó rò pé ọ̀gá ni mí, pé owó ilé mi ò pé? Ojú tì mí. Ìdí tí mo fi ń kanra mọ́ ọn nìyẹn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, má béèrè ìbuwọ́lùwé mọ́. Béèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Gba ọ̀dọ̀ ìyàwó wọn lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà. Sọ pé, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ kó yín sí wàhálà onílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni." Tìrẹ ni kó o fún wọn láàyè láti sọ òtítọ́ láì sí ìtìjú. Tí onílé bá gbà, bàbá fúnra wọn lè fọwọ́ sí ìwé náà, kò pọn dandan kó jẹ́ onílé, nítorí àwọn ló fún ọ nílé. Òfin tiẹ̀ gba ayálégbé láyè láti béèrè àṣẹ kó fi yàrá kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tó bá ní ìdí gidi. Ṣùgbọ́n má lọ fi òfin ka bàbá lójú. Ìyàwó wọn ni kó gbé e lọ.

Ọmọ Peckham:

Ní London níbí, kò sí irú nǹkan yìí o. Onílé kàn máa wò ó bóyá ìwé ìgbélùú rẹ jẹ́ kó o lè yá ilé, ó tán. Ìwé ilé ìwé rẹ ló máa gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí ilé. Kí ló dé tí o ò wá síbí?

Ìyá Ìbejì, Wedding:

Ọmọ Peckham, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ yìí ti dé Berlin, Berlin ló ń bi wá.

Àdùnní, Charlottenburg:

Ẹ̀gbọ́n Neukölln ti sọ èyí tó ṣòro jù, mo fẹ́ sọ ti Spandau. Mo gbé Spandau ọdún méjì. Wọ́n á máa sọ fún ọ pé ó jìnnà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U7 ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, o máa ń rí àyè jókòó láàárọ̀. Tó bá jẹ́ Charlottenburg ni ilé ìwé rẹ wà, o máa bọ́ sílẹ̀ ní Bismarckstraße, o wọ U2. Owó ọkọ̀ ti wà nínú owó sáà ẹ̀kọ́ tí o san.

Ṣírò owó rẹ kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. €992, yọ €560, ó ku €432. Yọ owó ìlera akẹ́kọ̀ọ́ tó ju €140 lọ, kò ku tó €300 mọ́. Ó ṣeé ṣe, mo ṣe é. Ẹ̀wà, ìrẹsì, adìyẹ tí wọ́n gé, ẹ̀lùbọ́ láti àdúgbò Wedding lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ yẹn á ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ka ọjọ́ rẹ: 140 ọjọ́ kíkún tàbí 280 ìdajì ọjọ́ lọ́dún ni wọ́n gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa.

Ti owó ìdógò: wọn kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, láìka owó ìgbóná àti omi mọ́ ọn, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ èyí, à ń yá owó kiri. Má san kọ́bọ̀ kí o tó wọ inú yàrá náà fúnra rẹ. Ẹni tó bá ní òun wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, pé òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ tí owó bá ti wọlé, ọ̀daràn ni. Mo pàdánù €400 sọ́wọ́ irú wọn ní ọdún tí mo dé.

Nípa físà, fi ẹ̀bẹ̀ ìwé ìgbélùú ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí físà tó parí, kí o sì tẹ ìwé ẹ̀rí pé o ti fi ránṣẹ́. Má dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì.

Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn:

Èmi náà ní ọmọ lókè òkun, mo mọ ohun tó ń ṣe màmá rẹ. Kì í ṣe bàbá yẹn ló ń rò. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ tí o bá jáde, kò sí ẹni tó máa pè tí o ò bá gbé fóònù. Fún un ní nọ́ńbà ẹlòmíràn ní Berlin, kó o sì jẹ́ kí Dádì fúnra wọn pè é sọ pé àwọn ló rán ọ lọ. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Neukölln, ẹ jọ̀ọ́, tí Mọ́mì bá bínú ńkọ́?

Bàbá Neukölln:

Bẹ̀ wọ́n, kó o dákẹ́. Wọ́n á padà wá bá ọ fúnra wọn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá):

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé.

Mo bá Mọ́mì nílé ìdáná lálẹ́ Sátidé, wọ́n ń ro àmàlà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n sọ ọ́. Wọ́n pa iná. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n Dádì kan ti gbé ọ̀dọ̀ àwọn rí, onílé gbọ́, ó kọ lẹ́tà pé òun á lé gbogbo wọn jáde. Oṣù mẹ́ta ni Dádì ò fi sùn. Ọdún 19 ni wọ́n ti wà nínú ilé náà. Mọ́mì ní ìgbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ ìwé yẹn, lẹ́tà yẹn ni Dádì ń rí.

Dádì pè mí sí pálọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní, "Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ." Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Spandau. Wọ́n ka ìwé àdéhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n yẹ fèrèsé wò, wọ́n tan ẹ̀rọ ìgbóná, wọ́n ní kí obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ fi àṣẹ onílé hàn wọ́n. Ó fi hàn. A pín owó ìdógò sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí Àǹtí Àdùnní ṣe wí, obìnrin náà ò tilẹ̀ janpata. Dádì ló pe màmá mi, wọ́n sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan, wọ́n ń rántí Mọ́kọ́lá.

Mo rí àyè gbà ní Bürgeramt kan, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe Anmeldung, ní Köpenick, nítorí gbogbo Bürgeramt ìlú yìí ló ń ṣe é, ibi yòówù kéèyàn máa gbé. Tuesday, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Aago méje àárọ̀ ni mo rí i lórí fóònù, ẹnì kan ti fagi lé tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Wedding:

Ọlọ́run ṣeun! Ọmọ mi, orúkọ rẹ ti wà lára àpótí lẹ́tà? Tí kò bá sí níbẹ̀, afilẹ́tàránṣẹ́ á gbé e padà, ì báà jẹ́ ọba ló kọ ọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ó ti wà níbẹ̀, mà. Ọjọ́ tí a kó ẹrù, Dádì mú rúlà àti síkọ́ọ̀sì wá látilé. Wọ́n gé bébà, wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ bàbá mi sí i, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún fa ìka wọn lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣí.