Ahọ́n ni ọmọ mi fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ńkọ́?

Màmá Àkọ́bí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àkàndá. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ kí ẹlòmíì náà wá sọ tiẹ̀. Ọmọ mi pé ọdún 9 lóṣù tó kọjá, kò lè dá jókòó, kò lè di nǹkan mú, kò sọ̀rọ̀ rí, orí ẹ̀ gan-an kì í fìgbà gbogbo dúró lọ́rùn. Ọjọ́ kẹta tí mo bí i lara ẹ̀ pọ́n, ojú pọ́n, wọ́n ní kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀ kí n máa fún un ní gúlúkóòsì, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ tí mo ti kó kánfọ̀ sí látìgbà tí mo wà nínú oyún ni mo tún ń wọ̀ fún un. Ìgbà tó kọ ọmú tó wá ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun la gbé e dé ọsibítù, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ibà pọ́njú yẹn, ìyẹn jọ́ńdísì, ti wọ ọpọlọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà tó ṣàlàyé pé ọmọ náà wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní G6PD tó, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, wọ́n pọ̀ gan-an láàárín wa, kánfọ̀ sì máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ kó kánfọ̀ yẹn dànù jàre, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oòrùn àárọ̀ tàn yín, iná búlúù tí wọ́n ń lò ní ọsibítù ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Ọdún 6 ni gbogbo wa fi rò pé kò mọ nǹkan kan. À ń wẹ̀ ẹ́, à ń fún un lóúnjẹ, à ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìkókó sọ̀rọ̀. Físíò kan, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní CP (cerebral palsy, kí ọpọlọ tó fara pa má lè darí iṣan dáadáa) máa ń gbójú sókè tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo wo ojú ọmọ mi títí, ojú ò lọ sókè rí, àṣé jọ́ńdísì yẹn náà máa ń ba ìyẹn jẹ́, ó máa ń ṣòro fún wọn láti wòkè. Èmi ò mọ̀, mo bá gbà pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan mo ń bi bàbá ẹ̀ pé ṣé ẹ̀wà la máa jẹ, ọmọ yọ ahọ́n. Mo ní àbí ilá, ó pa ẹnu dé. Ẹ̀wà? Ahọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó bí ọlọ́pàá, ṣé èmi ni bàbá ẹ, ṣé iná wà, ṣé ebi ń pa ẹ́, mo ń sunkún mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá bàbá ẹ̀ wà ní pálọ̀, wọ́n ní kí n yéé kọ́ ọmọ níwàkiwà, pé ó ti pẹ́ tó ti ń yọ ahọ́n sí àgbà. Ẹ gbọ́ o. Ó ti pẹ́! Ọmọ ń dá wa lóhùn látọjọ́ yìí, à ń bá a wí.

Súkúù mẹ́ta ni kò gbà á, ọ̀kan ní àwọn òbí tó kù máa kó ọmọ wọn lọ. Báwo ni tiyín ṣe ń sọ tiẹ̀, ta ló sì ń kọ́ ọ?

Tísà Àkàndá:
Màmá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀yọ́ ni mo ti kàwé, ní Federal College of Education (Special), ilé ẹ̀kọ́ àwọn tísà tó ń kọ́ àkàndá, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977, mo kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan tó pẹ́ kó tó yé mi ni dídúró. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ tó ní CP ní nǹkan, ẹ ka 1 dé 15 nínú yín kẹ́ ẹ tó tún lanu, ó ti lè ní ìdáhùn lọ́kàn, iṣan ló ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá tún bi í kó tó ṣe tán, ẹ ti dà á rú nìyẹn. Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì mi, odindi ọdún kan ni mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé pé "kò fèsì", ọjọ́ tí fóònù mi dún tí mo dìde lọ gbé e ni mo gbọ́ tó fèsì lẹ́yìn mi. Ojú tì mí.

Òmíì tún wà, ọmọkùnrin ọdún 14, kò lè dá ṣòkòtò wọ̀. Tá a bá ti ní kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á bínú, á jù ú nù. Ọ̀gá mi kan ní kí n kọ́ ọ láti ẹ̀yìn wá. Èmi á wọ̀ ọ́ fún un dé ìdí, ó kàn ku kó fúnra ẹ̀ fà á dé ìbàdí, òun ló ń parí ẹ̀ lójoojúmọ́, inú ẹ̀ ń dùn pé òun wọ ṣòkòtò. Nígbà tó mọ ìyẹn tán, mo ń fi í sílẹ̀ lórúnkún, lẹ́yìn ẹ̀ ní kókósẹ̀. Oṣù 7. Àwọn kan á ní ṣé nítorí ṣòkòtò ni ìjọba ṣe ń sanwó fún ẹ, bẹ́ẹ̀ ni o, nítorí ṣòkòtò ni.

Ẹ dákun, ẹni tó bá ṣì ń rọ ọmọ, tẹ́ ẹ dá a sẹ́yìn lórí itan tẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹ̀ tẹ́ ẹ ń da ògì sí i, ẹ̀dọ̀fóró lẹ ń bọ́ o. Ẹ gbé e jókòó, kí àgbọ̀n ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ṣíbí kékeré, kó gbé èyí mì kí òmíì tó wọlé. Tí kò bá sí àga tó bá a mu, ẹ wá páálí, ẹ rò ìyẹ̀fun bí ẹ̀kọ kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́ lórí ara wọn ní ìpele ìpele, tó bá gbẹ tán ó ń le bíi pákó, mo ti ṣe mẹ́rin.

Àbúrò Ẹ̀gbọ́n:
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lé ní 30. Àrùn yírùnyírùn ló ṣe wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 4, ó gba etí, ó gba ojú. Ẹ rò ó wò ná, ẹnì kan á kàn fà yín lápá lójijì, wọ́n á bọ́ aṣọ lọ́rùn yín, omi tutù á dà lé yín lórí, ẹ ò mọ ẹni tó jẹ́, ẹ ò mọ kí lẹ ṣe. Wọ́n máa ń géni jẹ, ẹbí ní wèrè ni, wọ́n gbé wọn lọ sórí òkè kan, wọ́n so wọ́n lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá wa ò tíì dárí ji ara wọn dòní.

Obìnrin kan tó ti kọ́ àwọn adití rí ló là wá lójú. Ó ní kí wọ́n tó wẹ̀, ẹ fi kànìnkànìn sí wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tó jẹun, ṣíbí. Tá a bá fẹ́ jáde, bàtà. Ẹni tó bá wọlé náà á ní àmì tiẹ̀, èmi á gbé ọwọ́ wọn kan irun mi, màmá á gbé e kan ẹ̀gbà ọwọ́ tiwọn. Bàbá wa àgbà ń wò wá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àrokò lẹ kúkú ń pa. Òótọ́ ni, àrokò ni! Ẹni tó bá gba owó ẹyọ tí wọ́n so pọ̀ láyé àtijọ́, ṣé ẹnu ló fi bá a sọ̀rọ̀ ni? Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó yé wọn, mo ti fẹ́ jáwọ́, ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n fọwọ́ tọ ògiri lọ, wọ́n mú kànìnkànìn wá, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ wẹ̀. Látìgbà yẹn wọn ò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́ àfi dókítà eyín, ìyẹn náà, ṣé èmi kọ́ ni mo fẹ́ gé e jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Kẹ́rà Ìlú Ọba:
Iṣẹ́ kẹ́rà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn tí kò lè dá ṣe nǹkan, ni mò ń ṣe ní England níbí, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń fi nǹkan síni lọ́wọ́ fún àwọn tí kò ríran tí kò gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Mò ń bá ẹni tó wà nílé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ń fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan lóúnjẹ lọ́wọ́ kan náà, ó pa eyín dé. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ gba ṣíbí, ó jókòó síwájú ẹ̀, ó kí i, ọmọ lanu. Mo pa fóònù. Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dùn níbí o, òfin kan tí wọ́n ṣe níbí ní 2014 sọ pé wọ́n lè ṣètò ẹ̀kọ́ fún irú wọn títí dé ọmọ ọdún 25, síbẹ̀ àwọn òbí ṣì ń pe kánsù lẹ́jọ́ kí wọ́n tó rí i gbà.

Bàbá Ọmọge:
Màmá, ohun tí súkúù mẹ́ta yẹn ṣe, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo àkàndá ti kà á léèwọ̀. January 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí i, ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún àkàndá títí dé sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún 5 ti pé ní 2024. Èmi ṣì ń pọn ọmọbìnrin ọdún 16 gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kejì láti lọ tẹ̀ka.

Màmá Àkọ́bí:
Ẹ ṣé gbogbo yín, ẹ̀yin Tísà ẹ kú iṣẹ́, mo ti ń ka 15 yẹn o, ó ń ṣiṣẹ́, 11 ni tiẹ̀ máa ń jẹ́. Ìyá bàbá ẹ̀ wá lánàá, wọ́n fẹ́ rọ ọ́, mo ní rárá màmá, ẹ bi í ná. Wọ́n wò mí, wọ́n wá fi yẹ̀yẹ́ bi í pé ṣé kí àwọn máa lọ sílé àwọn ni. Gbogbo wa dákẹ́. Mo ka 11.

Ahọ́n.