Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, wọ́n fẹ́ kọ́lé sórí àyè tí gbogbo wa ń lò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó la wà. Àyè kan wà ní ẹ́sítéètì wa tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú plan pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí, igi máńgòrò ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ lọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà lomi òjò máa ń wọ́ sí. Àfi bí bọ̀dá kan ṣe dé lóṣù tó kọjá, ó ní ọmọ onílẹ̀ ti tà á fóun, ó ní rìsíìtì, ló bá gé igi, ó ti ń gbẹ́ fandéṣọ̀n báyìí. A ní kó mú pámíìtì wá, ó ní ṣé ilẹ̀ bàbá wa ni! Àánú ẹ̀ ṣe mí díẹ̀ ṣá, owó ló fi rà á. Ṣùgbọ́n kódà ẹni tó ní C of O, ìyẹn ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, gbọ́dọ̀ gba pámíìtì kó tó kọ́lé l'Ékòó. Alága wa ní ká kàn gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn. Ṣé LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ni ká kọ́kọ́ kọ̀wé sí kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, àbí ká lọ yẹ plan ẹ́sítéètì wò ní LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní pámíìtì ilé kíkọ́? Plan tó wà lọ́wọ́ wa ò ní sítáǹpù kankan. Ṣé a máa nílò lọ́yà?